Ẹ̀rọ Ìgbafẹ́ Dákẹ́, Níbo Lẹrù Rẹ̀ Ń Lọ?

Àwọn òǹkàwé wa ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya ló ni ojú ewé ìbéèrè lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn lọ́kàn: ẹ̀rọ ìgbafẹ́ tí wọ́n ti pa, àti àwọn ère, pátákó, ìjókòó àti tíkẹ́ẹ̀tì tó fi sílẹ̀. A gé àwọn ìbéèrè náà kúrú.

Láti Gwarinpa: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí a máa ń lọ. Nígbà tí a débẹ̀ lásìkò Iléyá, wọ́n ti fi tápólì bò ó, wọ́n ní kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àgbọ̀nrín ńlá méjì tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣé wọ́n máa ń kó gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn dànù ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń bá ajákù irin lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú ni èyí tí ẹ̀rọ mìíràn lè lò: mọ́tò, gíá, táyà, àpótí tó ń darí iná, irin ìdábùú tó ń mú èrò dúró lórí ìjókòó. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì lágbára, odidi rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ọgbà Geauga Lake ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, pa àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní 2007. Nígbà tó fi di 2008, rólà kósítà rẹ̀ (ọkọ̀ tó ń sáré lórí irin gíga) tí wọ́n ń pè ní Dominator ti ń gbé èrò ní ọgbà Kings Dominion ní Virginia.

Ère àti ọ̀ṣọ́ ló ń jìyà jù. Bí ẹ bá yí wọn padà, tí ẹ wo ẹ̀yìn wọn, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó kọ́ wọn mọ̀ pé láti bíi mítà 5 ni èrò yóò ti rí wọn, nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí 4. Iwájú nìkan ló kùn dáadáa. Ẹ̀yìn ṣófo, fáíbà ibẹ̀ ń gún ọwọ́. Àpáta tí ẹ rí nínú ihò ẹ̀rọ, àwọ̀n wáyà ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Kò ṣeé tú, àfi kí wọ́n fọ́ ọ. Awọ ojú àwọn ère tó ń mira, tí wọ́n fi rọ́bà oníhò ṣe, máa ń gbẹ, á sì rún bí àkàrà àná, pàápàá níbi tí ooru pọ̀ sí.

Àwọn ọgbà tó mọyì ìtàn wọn máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lójú èrò. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1998, Magic Kingdom, ọgbà Disney ní Florida, pa ẹ̀rọ Mr. Toad's Wild Ride, ti ọ̀pọ̀lọ́ inú ìtàn ọmọdé, wọ́n sì gbé ti Winnie the Pooh, béárì inú ìtàn mìíràn, sí àyè rẹ̀ ní 1999. Ẹni tó bá wo ògiri inú ẹ̀rọ tuntun náà dáadáa yóò rí àwòrán Toad tó ń fi ìwé ilẹ̀ lé Òwìwí, ọ̀rẹ́ Pooh, lọ́wọ́. Ère Toad mìíràn wà ní itẹ́ òkú ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haunted Mansion, ẹ̀rọ mìíràn nínú ọgbà náà. Ọgbà Universal ní Florida pa ẹ̀rọ Jaws, ti fíìmù ẹja ekurá, ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní 2012, ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹja ekurá ńlá tí wọ́n fi kọ́ sókè sí kí àwọn èèyàn lè máa yàwòrán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n pa ní Magic Kingdom ní 1994 ńkọ́? Méjì nínú àwọn ọkọ̀ náà ni wọ́n rì sí etí òkun erékùṣù Castaway Cay ní Bahamas, kí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lè máa rí wọn nísàlẹ̀ omi.

Nílé níbí, ẹ rántí pé Wonderland ni Magicland tó wà ní Àbújá ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúkọ bá yí, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, pátákó àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ àtijọ́ ti di ohun ìrántí, ẹ̀rọ kankan ìbáà má tíì kú.

Ní ti àgbọ̀nrín yín, bó bá jẹ́ fáíbà tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, tàbí kó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú ọ̀dà tuntun. Ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í mọ̀.

Láti Lugbe: Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan. Àdéhùn ilẹ̀ ti parí, ọ̀gá wa sì ní kí á tú ẹ̀rọ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí á tọ́jú ohun tó bá ṣeé tọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Àkókò kò tó, síbẹ̀ ẹ má fọwọ́ kan sípánà ní ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ìwé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ère tí kò ní nọ́ńbà, tí kò sí àwòrán ibi tó dúró sí, yóò di ẹrù lásán kí ọdún tó yí po, torí àwọn tó mọ ibi tó ti wá yóò ti ríṣẹ́ síbòmíràn.

Kí iná tó kúrò, ẹ gba fídíò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú orin rẹ̀ àti ohùn tó ń kìlọ̀ fún èrò. Èyí kò ní ṣeé ṣe mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá já wáyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan, kí ohun kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ ní nọ́ńbà: A-001, A-002, títí lọ. Èyí tó bá ní apá tó ń yọ, ẹ pín nọ́ńbà rẹ̀: A-014/1 ni ara kìnnìún, A-014/2 ni ìrù rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé máàkà nìkan, oòrùn Àbújá máa ń pa á rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Tépù bébà náà ò ṣeé fọkàn tán, torí bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á gbẹ, á já bọ́. Ẹ gé agolo mínírà sí pélébé, ẹ ká etí rẹ̀ wọlé kó má baà gé yín lọ́wọ́, ẹ fi ìṣó tẹ nọ́ńbà sí i lára, kẹ́ ẹ fi wáyà dè é síbi tó fara pamọ́.

Àwòrán 6 ni kẹ́ ẹ yà fún ohun kọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, abẹ́, àti èyí tó fi ibi tó dúró sí hàn pẹ̀lú ohun tó yí i ká. Ìkẹfà yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun sì ni ẹni tó bá fẹ́ tò ó padà yóò nílò jù. Ẹ fi tépù ìwọ̀n sínú àwòrán náà kí gíga rẹ̀ lè hàn. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú àwọn àwòrán sí, kó má jẹ́ orí fóònù ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ kó àwọn ìwé ẹ̀rọ jọ: ìwé ìlò rẹ̀, àwòrán bí wáyà ṣe tò, ìwé àyẹ̀wò ojoojúmọ́, rìsíìtì ohun tí wọ́n pààrọ̀. Irin pélébé kékeré tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó wà lára ẹ̀rọ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ sápò. Bí àwọn ìwé yìí bá sọnù, kò sí ọgbà tí yóò ra ẹ̀rọ náà bí ẹ̀rọ mọ́. Kílò irin ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ wá kàn. Oníṣẹ́ iná tó dáńtọ́ ni kó pa iná láti orísun, kó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kó sì dán wáyà wò kí ẹnikẹ́ni tó gé e. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fi ọ́ọ̀lì tàbí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tú páìpù. Ọ́ọ̀lì tó wà lábẹ́ ìfúnpá lè gún awọ èèyàn wọlé bí abẹ́rẹ́. Inú jẹ́ẹ́kàn ni kí ọ́ọ̀lì náà wà, ẹ má dà á sí gọ́tà. Bóòtù tó ti dípẹtà, ẹ da ọ́ọ̀lì tó ń wọnú sí i lálẹ́, ẹ padà sí i láàárọ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ohun kọ̀ọ̀kan ni kó wà nínú àpò ọ̀rá tirẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ohun náà sí i. Bí gbogbo bóòtù bá wọnú garawa kan pọ̀, ẹ ti pàdánù ọjọ́ púpọ̀ fún ẹni tí yóò tò ó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà fi iná gáàsì gé irin tó wà nítòsí fáíbà. Fáíbà ń jó fòò, èéfín rẹ̀ sì lóró. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ère ńlá, inú egungun irin rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì aṣọ sí. Ṣéènì máa ń jẹ ọ̀dà, etí àti ìrù sì máa ń kán lọ́wọ́ ẹni tó bá fi wọ́n gbé e.

Ibi ìkẹ́rùsí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ti fara balẹ̀ tú ń kú sí. Kọntéínà irin nínú oòrùn oṣù Kẹta lè gbóná ju 50°C lọ nínú. Fóòmù ìjókòó á lẹ̀ mọ́ra, rọ́bà á yọ́, fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n to ẹrù lé lórí á sì tẹ̀, kò ní tọ́ mọ́. Ẹ gbé kọntéínà sábẹ́ òrùlé tàbí igi, kó ní ihò afẹ́fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n tí eku kò lè gbà kọjá. Ẹ gbé ẹrù sókè kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15 nítorí omi àti ikán. Aṣọ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ọ̀rá tí ẹ bá we mọ́ ọn lásìkò òjò á mú ọ̀rinrin sínú, á hu èébu. Bátìrì, ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Ẹrù tí wọ́n dì dáadáa lè dúró pẹ́. Ọgbà Luna Luna tó ṣí ní Hamburg, ní Jámánì, ní 1987 ní àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ayàwòrán olókìkí bíi Keith Haring, Jean-Michel Basquiat àti Salvador Dalí yàwòrán sí tàbí tí wọ́n gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú kọntéínà 44 ni ẹrù rẹ̀ wà ní Texas. Ní ìparí 2023, púpọ̀ nínú rẹ̀ tún jáde síta fún èrò ní Los Angeles.

Láti Kàdúná: Bàbáń bólà kan gbé ẹṣin oníyípo wá fún mi. Ó ní láti ọgbà ìgbafẹ́ kan tó ti kú ló ti wá. Ó wù mí fún pálọ̀ mi. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ni olówó rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹrù rẹ̀ kò di ti ìta gbangba. Ó lè jẹ́ ti ọgbà, ti ẹni tó yá ọgbà ní ẹ̀rọ náà, tàbí ti báńkì tó yá wọn lówó. Òfin Penal Code tó wà ní Òkè Ọya àti Àbújá ka ríra ẹrù olè sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tó rà á bá mọ̀, tàbí tó bá ní ìdí láti mọ̀, pé wọ́n jí i ni. Ní 2018, wọ́n jí aṣọ lára Buzzy, ère ọmọkùnrin tó ń mira, ní ọgbà Epcot ní Florida, nínú ìran kan tí wọ́n ti pa láti 2007. Òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn nílé ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó ń lo ohun náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ní olówó.

Ẹ ní kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọgbà náà, kódà kó jẹ́ ewé kan péré: orúkọ ọgbà, ọjọ́, àpèjúwe ẹṣin náà, iye owó, ìbọwọ́lù. Bí kò bá lè mú un wá, ẹ jẹ́ kó máa gbé ẹṣin rẹ̀ lọ. Bàbáń bólà fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹni tó tà á fún òun kò lẹ́tọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìwé ni kẹ́ ẹ tó wo ẹṣin. Ẹṣin tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ihò òpó tó la gàárì já dé ikùn, ẹ ó sì rí ibi tí irin ti jẹ ọ̀nà náà dán. Níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí, ẹ ó rí ìpele ọ̀dà púpọ̀ lórí ara wọn, torí wọ́n máa ń tún un kùn ní gbogbo ìgbà. Gàárì àti ibi ìfẹsẹ̀lé á ti ṣá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú: nínú ọ̀pọ̀ ẹṣin oníyípo àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èrò níta ni wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jù, ẹ̀gbẹ́ inú ṣákálá. Èyí tí òpó rẹ̀ kò la ara já, tó ní ọ̀dà ìpele kan ṣoṣo, ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni. Ó lè dára fún pálọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ yàtọ̀.

Láti Zaria: Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré. Mo ní kí wọ́n bá mi lamínéètì méjì nínú wọn, wọ́n sì dúdú bí èédú. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Bébà wọn kì í lo íńkì. Ooru ló ń mú kí lẹ́tà hàn lára rẹ̀, bíi rìsíìtì POS, nítorí náà nígbà tí ooru lamínéètì kàn án, gbogbo ojú rẹ̀ dúdú. Àwọn méjì yẹn kò ṣeé tún ṣe. Èyí tó kù, ẹ ya àwòrán wọn lónìí, torí fúnra wọn náà ni wọ́n ń ṣí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi wọ́n sáàárín bébà funfun nínú àpò ìwé, nínú dúráwà tó ṣókùnkùn, kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rá PVC, gọ́ọ̀mù àti ìpara ọwọ́. Ẹ má ju káńfọ̀ sí i. Ó lè mú àwọn ike kan rọ̀, kó sì ba báàjì àti ohun ìṣeré tó wà nínú dúráwà kan náà jẹ́.

Láti Jọ́ọ̀sì: Mo ra kìnnìún fáíbà kan níbi ọjà gbàǹjo, pẹ̀lú rìsíìtì. Ó sán láti èjìká dé àyà, bíi sẹ̀ntímítà 25. Àwọn tó ń ṣe bọ́dì mọ́tò ní kí n jẹ́ káwọn di í láti iwájú. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Láti ẹ̀yìn ni. Fílà (ohun ìdíhò tí àwọn oníbọ́dì mọ́tò ń lò) tí wọ́n bá rọ́ sí iwájú nìkan yóò sán padà níbi kan náà, torí fílà kì í so ara pọ̀, ihò ló ń dí.

Ẹ wọ ìbòmú, gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́, ẹ ṣiṣẹ́ níta. Ẹ lu ihò mìlímítà 3 sí ìparí ìlà náà lọ́tùn-ún àti lósì, kó má baà gùn sí i. Láti inú, ẹ fi sáńpépà 80 họ ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìlà náà títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kẹ́ ẹ sì nu eruku kúrò. Ẹ gé mátì fáíbà oní-450 giramu (ìwúwo mítà kan níbùú àti lóròó) sí ìpele méjì, èkejì kó fẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 30 níbùú àti lóròó wúwo tó giramu 40, yóò sì mu résìnì, omi kíki tó ń sọ fáíbà di líle, ìlọ́po méjì sí méjì àbọ̀ ìwúwo rẹ̀. Mìlílítà 250 tó fún ìpele méjèèjì.

Ibi tí ewu wà nìyí. Lọ́jà wa, résìnì sábà máa ń wá pẹ̀lú ìgò méjì: accelerator, tó ń mú kó tètè dì, àti catalyst, tó ń mú kó dì. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ láé, wọ́n lè gbaná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Ẹ bi ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti fi accelerator sínú résìnì náà. Bí wọn kò bá tíì fi í sí i, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ résìnì dáadáa, kí catalyst tó tẹ̀ lé e. Fún mìlílítà 250, catalyst mìlílítà 2.5 tó nínú ooru Àbújá. Ní Jọ́ọ̀sì lásìkò ọyẹ́, ẹ lè lọ sí 4, kẹ́ ẹ sì ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, torí òtútù àárọ̀ kì í jẹ́ kó dì. Sírínjì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, á gbóná, á sán. Bí ó bá kéré jù, á máa lẹ̀ títí ayé.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gún mátì náà títí ìfófòó kò fi ní sí mọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ìgbà yìí ni fílà tó wúlò ní iwájú, fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà sáńpépà 240, kó kan 400 pẹ̀lú omi. Kìkì ibi tó sán ni kẹ́ ẹ kùn. Ẹ fi ọ̀dà àtijọ́ ibi yòókù sílẹ̀, kódà bó ti ṣí díẹ̀, torí òun ni ẹ̀rí pé kìnnìún yẹn ti dúró níwájú èrò rí.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ní 2010 ní Zamfara, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Eruku tí ojú kò rí ni, inú agbo ilé ló sì wà.

Láti Karu: Mo ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣé mo lè ra mọ́tò akọlura méjì tó ti fẹ̀yìn tì kí àwọn ọmọ máa ṣeré nínú rẹ̀, kí n sì ya àwòrán tó wà lára rẹ̀ sí yúnífọ́ọ̀mù wa?

Ìdáhùn: Mọ́tò náà, bẹ́ẹ̀ ni, bó bá dúró gbọin lójú kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ mọ́tò iná, gbogbo wáyà, bátìrì àti òpó ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù 4 dè é mọ́ kọnkéré, kí wọ́n rẹ́ gbogbo etí fáíbà tó mú. Bẹ́líìtì àtijọ́, ẹ gé e kúrò, kó má baà kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ó ṣeé mú rìn padà. Àárẹ̀ inú irin kì í hàn sójú. Àwòrán ara rẹ̀, rárá o. Ẹni tó ra ohun kan kò ra ẹ̀tọ́ àwòrán tó wà lára rẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 sì dáàbò bo ẹni tó yà á.

Láti Kubwa: Ṣé músíọ́mù lè gba pátákó ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ kan tí mo rà?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Smithsonian ní Washington gba ọkọ̀ Dumbo kan láti Disneyland, ẹrù ọgbà ìgbafẹ́ sì ni. Lọ́dọ̀ wa, àjọ National Commission for Museums and Monuments tó ní olú ilé iṣẹ́ ní Àbújá ló ń bójú tó músíọ́mù ìjọba àpapọ̀, títí kan ti Jọ́ọ̀sì tó ti wà láti 1952. Àyè wọn kò pọ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ewé kan: gígùn, fífẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀, ọdún tí ẹ̀rọ náà ṣí àti ọdún tó pa, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì yín. Ẹ fi àwòrán 3 kún un, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tó fi pátákó náà hàn nígbà tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dúró de èsì wọn kí ẹ tó yá ọkọ̀ tí yóò gbé e.